Àkáùntì ilé lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó-orí l'Amẹ́ríkà: FBAR, Form 8938, àti àkáùntì Màmá tí a kì í kà

Olùṣírò_Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bí àsìkò owó-orí bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìbéèrè kan wà tí kì í tán níbí: "Mo ní àkáùntì ní Nàìjíríà, kí ló kan ìjọba Amẹ́ríkà níbẹ̀?" Ó kàn wọ́n gan-an ni. Mo fẹ́ to ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà síbí. Ẹni tó bá mọ apá kan jù mí lọ, kó fi kún un.

Àwọn tí òfin ń bá wí ni ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbikíbi tó bá ń gbé, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tó ní green card. Àti ẹni tí iye ọjọ́ tó lò l'Amẹ́ríkà ti sọ di olùgbé lójú òfin owó-orí, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lórí físà iṣẹ́ H-1B. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ náà rèé: onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 31 ó kéré tán lọ́dún yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó kó gbogbo ọjọ́ ọdún yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ èṣí, àti ìdá kan nínú mẹ́fà ọjọ́ ọdún tó ṣáájú èṣí pọ̀. Bó bá pé 183, ó ti wọlé nìyẹn. Wọn kì í ka ọjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí F-1 mọ́ ọn lára fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́.

Fọ́ọ̀mù méjì ni àwọn èèyàn máa ń pò mọ́ra wọn. Èkíní ni FBAR, ìròyìn àkáùntì òkèèrè, tí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ń jẹ́ FinCEN Form 114 (ẹ̀ka kan lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná Amẹ́ríkà ni FinCEN). Inú òfin kan tó ti wà láti ọdún 1970, Bank Secrecy Act, ló ti jáde. Bí àpapọ̀ owó inú gbogbo àkáùntì yín lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà bá ré kọjá $10,000, kódà fún ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, gbogbo àkáùntì wọ̀nyẹn lẹ ó kọ síbẹ̀, títí kan èyí tí ₦2,000 péré wà nínú rẹ̀. Kò sówó tí ẹ ó san lórí FBAR. Ẹ kàn ń ròyìn ni. Ẹ kì í fi ránṣẹ́ pẹ̀lú Form 1040, ìwé owó-orí ọdọọdún. Orí ìkànnì BSA E-Filing ti FinCEN ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Gbèdéke rẹ̀ ni ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Bó bá fò yín dá, ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá fúnra rẹ̀, ẹ ò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni fún àfikún ọjọ́.

Èkejì ni Form 8938, tí òfin FATCA ti ọdún 2010 bí. Òun ní tirẹ̀ ń bá Form 1040 rìn, IRS, àjọ agbowó-orí Amẹ́ríkà, ló sì ń lọ sí. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà tí kò ní ìyàwó tàbí ọkọ: ó kàn án bí owó àti ìdókòwò rẹ̀ lókèèrè bá ju $50,000 lọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, tàbí tó ju $75,000 lọ nígbàkígbà láàárín ọdún. Tọkọtaya tó ń kọ ìwé owó-orí pọ̀: $100,000 tàbí $150,000. Fún àwọn tó ń gbé òkè òkun, ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: $200,000 tàbí $300,000 fún ẹnì kan, $400,000 tàbí $600,000 fún tọkọtaya. Bí ọ̀kan bá kàn yín, kò ní kí èkejì má kàn yín. Ẹlòmíràn yóò kọ méjèèjì lórí àkáùntì kan náà, òfin ò sì rí i bí àsọtúnsọ.

Ìyá_Ìbejì_MD

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ibi tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pàṣípààrọ̀. Náírà ló wà nínú àkáùntì, dọ́là ni FBAR ń béèrè. Ṣé ti báńkì ni ká lò, àbí ti àwọn mọ́là, àbí ti ọjọ́ tí owó náà pọ̀ jù?

Ladé_EA

Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyá Ìbejì. Iye tí Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná Amẹ́ríkà gbé jáde fún ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n ń lò. Ẹ wá "Treasury Reporting Rates of Exchange" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan ọdún, ẹ wo ìlà Nàìjíríà. Iye ti ọjà àwọn mọ́là kò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí ìṣirò náà ṣe ń lọ: ẹ ṣí statement àkáùntì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá iye tó ga jù lọ tó fi wà níbẹ̀ láàárín ọdún, ní náírà. Ẹ fi iye ọjọ́ 31 oṣù kejìlá pín in. Bí sẹ́ǹtì bá kù, ẹ sún un sókè sí dọ́là tó kàn. Àkáùntì tó wọ gbèsè, òdo ni. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àpẹẹrẹ: àkáùntì ìfowópamọ́ tó ga dé ₦4,200,000, fixed deposit ₦6,000,000, àti àkáùntì dọ́là tí à ń pè ní dom tó ga dé $3,150. Ká ní ₦1,500 ni dọ́là kan lọ́jọ́ náà: $2,800, $4,000 àti $3,150, àpapọ̀ $9,950. FBAR ò kàn yín. Ká ní ₦1,450 ni: $2,897, $4,138, $3,150, àpapọ̀ $10,185. Ó ti kàn yín, kó tó di pé ẹ fi kọ́bọ̀ kún owó náà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé "èṣí ò kàn mí, tọdún yìí náà ò lè kàn mí."

Ọdún 2023 fi èyí hàn dáadáa. Nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti ń lọ sí ₦900. Ẹni tó ní ₦5,500,000 ní oṣù kẹta, tó fi iye ìgbà yẹn ṣírò, yóò rí i bíi $11,957, ọkàn rẹ̀ á sì dàrú. Bó bá fi ₦900 pín in, $6,112 ni. Ti ìparí ọdún ni òfin ń wò, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohun kan tún wà tí a kì í fiyè sí. Bí ẹ bá gbé ₦6,000,000 kúrò nínú savings lọ sínú fixed deposit lóṣù karùn-ún, owó kan náà yóò hàn nínú iye tó ga jù fún àkáùntì méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣirò yóò kà á. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kíkọ FBAR nígbà tí kò pọn dandan kò ní ìjìyà kankan. Àìkọ ọ́ ló ní.

Àjàlá_MN

Ẹ̀gbọ́n Ladé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lójú. Àkáùntì Màmá ńkọ́? Owó Màmá ni, owó ìfẹ̀yìntì wọn ló ń wọlé síbẹ̀. Orúkọ ọmọ kàn wà níbẹ̀ kó lè rí owó gbà jáde bí ara wọn ò bá yá ni. Ṣé ìyẹn náà?

Ladé_EA

Ìyẹn gan-an ni, àbúrò. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń jìn sí kòtò, torí pé "tèmi kọ́" ni wọ́n máa ń sọ. Òfin ò béèrè ẹni tó ni owó nìkan. Ó ń béèrè ẹni tó láṣẹ láti sọ fún báńkì pé "ẹ gbé owó yìí fún lágbájá."

Bí orúkọ ẹ̀yin àti Màmá bá jọ wà lórí àkáùntì gẹ́gẹ́ bí oníǹkan méjì, Part III ti FBAR ló ń lọ, gbogbo iye tó wà níbẹ̀ ni ẹ ó sì kọ. Wọn kì í pín in sí méjì. Bó bá jẹ́ pé Màmá nìkan ló ni ín, tí ẹ̀yin kàn láṣẹ ìbuwọ́lù, Part IV ló ń lọ, ẹ ó sì kọ orúkọ Màmá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Owó inú rẹ̀ wà lára àpapọ̀ $10,000 náà. Bí tiyín bá jẹ́ $900, tí ti Màmá sì jẹ́ $9,400, ẹ ti ré e kọjá.

Next of kin kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá kọ yín sínú fọ́ọ̀mù báńkì gẹ́gẹ́ bí next of kin, kò fún yín láṣẹ kankan lórí owó náà níwọ̀n ìgbà tí onítọ̀hún bá wà láàyè. Ẹ má kọ ìyẹn.

Akínkanjú77

Ẹ fi ti owó ilé kíkọ́ kún un. Owó ń lọ láti Chicago sínú àkáùntì ẹ̀gbọ́n ní Òṣogbo, wọ́n fi ń ra símẹ́ǹtì àti ìrin. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lórí àkáùntì, àmọ́ fún iṣẹ́ ẹni tó wà ní Chicago ni wọ́n ṣe ṣí i. Lójú òfin FBAR, bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáùntì bá ń di owó náà mú gẹ́gẹ́ bí aṣojú yín, ẹ̀yin lẹ ni àkáùntì náà. Bó bá jẹ́ pé àkáùntì ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni, tí owó tiyín kàn ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ṣí nítorí ilé yín nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Akọ̀wé owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, alága ìjọ, ẹni tó ń buwọ́ lùwé fún ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ní ilé ìwé gírámà: bí báńkì bá ń gba ìbuwọ́lù yín, àní bó bá gba pé kí ẹlòmíràn bá yín buwọ́ lù ú, Part IV nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC náà ńkọ́? Bí ìpín yín nínú rẹ̀ bá ju ìdajì lọ, àkáùntì ilé iṣẹ́ náà di tiyín lórí FBAR. Form 5471, tí wọ́n fi ń ròyìn ilé iṣẹ́ òkèèrè fún IRS, sì tún ń dúró dè yín lọ́tọ̀, $10,000 ni ìtanràn tirẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_MD

Mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn yòókù, kí ẹ bá mi wò ó bóyá mo gbà á. Savings, current, dom, fixed deposit: ó wọlé. Àkáùntì ọmọdé: ó wọlé, òbí ló sì ń kọ ọ́ bí ọmọ ò bá lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́wọ́ PFA, ìyẹn RSA tí èèyàn fi sílẹ̀ kó tó rìnrìn àjò: ó wọlé. Ìpín tí stockbroker ń tọ́jú nínú CSCS, treasury bills: ó wọlé. Àkáùntì orí fóònù, OPay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí owó ń gbé inú rẹ̀: ó wọlé. Ilẹ̀ àti ilé tó wà lórúkọ ẹni: kò wọlé sí FBAR, kò wọlé sí 8938. Owó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kò wọlé.

Olùṣírò_Houston

Ẹ gbà á, àfi nǹkan mẹ́ta tí mo fẹ́ fi kún un.

Owó ayálégbé tó ń jáde látinú ilé yẹn wà lára owó tó ń wọlé fún yín, Schedule E lára Form 1040 ni ibùjókòó rẹ̀, bí ilé náà fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ sí lórí fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Àkáùntì òkèèrè tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju crypto lọ, FinCEN sọ lọ́dún 2020 pé òfin FBAR kò tíì mú un, pé àwọn fẹ́ yí i padà. Bí náírà tàbí dọ́là bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú crypto náà, ẹ kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ló le jù: mutual fund. Money market fund tí báńkì ń polówó, tí èlé rẹ̀ dára ju ti savings lọ, PFIC, ìyẹn ìdókòwò àjọdá ti òkèèrè, ni IRS ń pè é. Form 8621 ló tọ́ sí i, ìṣirò owó-orí rẹ̀ sì korò. Bí gbogbo irú rẹ̀ tí ẹ ní kò bá ju $25,000 lọ lópin ọdún ($50,000 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé), tí ẹ kò tà á, tí ẹ kò sì gba ìpín tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù ọdọọdún náà. Ní tèmi, ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà tó ní fixed deposit lásán sinmi ju ẹni tó kó owó sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Akínkanjú77

Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ FBAR bí ẹni pé òun nìkan ni iṣẹ́. Ìwé tó ń kó bá èèyàn jù ni Schedule B, ojú ìwé èlé tó ń bá Form 1040 rìn, apá kẹta, ìlà 7a. Ìbéèrè kékeré kan ni: ṣé o ní àkáùntì ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tàbí àṣẹ ìbuwọ́lù lórí rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. 7b ní kí ẹ dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ní àkáùntì lókèèrè gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀, kódà bí èlé rẹ̀ kò bá tó $1,500 tó ń sọ Schedule B di dandan fún àwọn tó kù. Nígbà tí a bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe owó-orí, ìbéèrè náà máa ń sá kọjá láàárín àwọn mìíràn, ọwọ́ a sì lọ sí "No." Lẹ́yìn náà ni a ó buwọ́ lu ìwé pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pé a mọ̀ pé ìjìyà wà fún irọ́. "No" yẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́ bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Èlé ńkọ́? Èlé tí báńkì san sórí owó yín ní Nàìjíríà jẹ́ owó tó wọlé, ìbáà má ti kúrò ní Nàìjíríà rí. Ẹ má fi iye ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ṣírò èyí o. Iye ọjọ́ tí èlé wọlé ni, tàbí iye àárín ọdún tí IRS ń gbé jáde. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ dúró lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé pàṣípààrọ̀ méjì yóò wà nínú fáìlì kan, kì í ṣe àṣìṣe. Gbogbo èlé lẹ ó kọ, kì í ṣe ohun tó kù lẹ́yìn tí báńkì yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba Nàìjíríà. Ìdá 10 yẹn lẹ ó fi Form 1116 bèèrè fún, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára owó-orí Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó-orí láàárín ara wọn, àmọ́ òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló fún yín ní àǹfààní yìí.

Àjàlá_MN

Mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: báńkì tó wà ní Gbágùúrá, ta ni yóò lọ sọ fún IRS?

Ladé_EA

Báńkì náà fúnra rẹ̀. FATCA ti sọ ọ́ di pé báńkì tó bá kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ IRS yóò pàdánù ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó kan tó bá ti Amẹ́ríkà wá bá a. Àwọn báńkì ńlá ilé forúkọ sílẹ̀, wọ́n gba nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní GIIN. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní fọ́ọ̀mù W-9, tí wọ́n ń béèrè ibi tí a ti bíni. Nọ́ńbà fóònù Amẹ́ríkà, àdírẹ́sì Amẹ́ríkà, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì lójú wọn. BVN sì ti so gbogbo àkáùntì ẹnì kan pọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_London

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa ní ṣókí, torí àwọn kan nínú wa ń ka FBAR yìí, ọkàn wọn ń já. HMRC, àjọ agbowó-orí UK, kò ní fọ́ọ̀mù àkáùntì bíi FBAR. Èlé ni tiwọn. Ẹni tó ń gbé UK ń san owó-orí lórí owó tó wọlé fún un níbikíbi láyé, SA106 sì ni ojú ìwé tó ń lọ. Bí èlé yín lápapọ̀, ti ibí àti ti ilé, kò bá kọjá £1,000 fún ẹni tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, £500 fún ìpele gíga, òdo ni owó-orí rẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, a ò lè sọ mọ́ pé owó tí a kò mú wọ̀lú kò kan HMRC, àfi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín ọdún mẹ́rin. Nàìjíríà sì wà nínú CRS, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń fi ìròyìn àkáùntì ránṣẹ́ síra wọn. Amẹ́ríkà kò sí nínú CRS, àwa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé, Worldwide Disclosure Facility ni ọ̀nà. HMRC lè padà sẹ́yìn tó ọdún 12 lórí owó òkèèrè, kódà bí ẹ kò bá mọ̀ọ́mọ̀.

Akínkanjú77

Ó yá, ìjìyà. Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀: $10,000 ni òfin kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e sókè bí ọjà ṣe ń wọ́n, fún èyí tí wọ́n bá bù lé èèyàn lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2025, $16,536 ni. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀: $165,353, tàbí ìdajì owó inú àkáùntì, èyí tó bá pọ̀ jù. Bó bá di ẹjọ́ ọ̀daràn, $250,000 àti ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ọdún 6 ni ìjọba ní láti fi bu ìtanràn FBAR.

Ẹjọ́ Bittner ló tú ọ̀rọ̀ kan ká. Ọmọ Romania tó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni, kò kọ FBAR tó pé fún ọdún márùn-ún, 2007 sí 2011. IRS ka àkáùntì lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ó jẹ́ 272, wọ́n ní kó san $2,720,000. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kà, wọn ò gbọdọ̀ ka àkáùntì. Ó di $50,000. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ nìkan ni ìdájọ́ yẹn gbà là.

"Mọ̀ọ́mọ̀" sì fẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó di ojú rẹ̀ kó má bàa mọ̀, àwọn ilé ẹjọ́ ti kà á sí ẹni tó mọ̀.

Àjàlá_MN

Ẹni tí kò bá ṣe é fún ọdún mẹ́jọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe kó kàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kó dákẹ́?

Ladé_EA

Rárá o. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àkáùntì yóò hàn lójijì pẹ̀lú owó tó ti ń dàgbà bọ̀ láti ọdún pípẹ́, àwọn ọdún ẹ̀yìn yóò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. IRS mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ dunjú. Ọ̀nà wà, ó sì dá lórí bí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún bá ṣe rí.

Bí gbogbo èlé bá ti wà lórí Form 1040, tó jẹ́ pé FBAR nìkan ló gbàgbé, tí IRS kò sì tíì kàn sí i: Delinquent FBAR Submission Procedures. Kó fi àwọn FBAR náà ránṣẹ́, kó yan ìdí tó fi pẹ́. Kò sí ìtanràn.

Bó bá jẹ́ pé èlé náà kò sí lórí ìwé owó-orí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ọ́mọ̀, tó sì ń gbé Amẹ́ríkà: Streamlined Domestic Offshore Procedures. Ìwé owó-orí ọdún 3 tí a tún ṣe lórí 1040-X, FBAR ọdún 6, àti Form 14654, ìwé tí ẹ ó fi jẹ́rìí pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀. Owó-orí tó kù, èlé rẹ̀, àti ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: ìdá 5 yẹn, iye ìparí ọdún ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tó ga jù láàárín ọdún bíi ti FBAR. Bí ọdún tí àpapọ̀ ìparí ọdún ga jù bá jẹ́ $42,000, ìtanràn jẹ́ $2,100. Ẹ kọ "Streamlined Domestic Offshore" pẹ̀lú yíǹkì pupa sórí ìwé owó-orí kọ̀ọ̀kan, Austin, Texas ló ń lọ lórí bébà. FBAR ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ yan "Other" fún ìdí, kí ẹ sì kọ pé Streamlined ni. Ẹni tí kò fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ rárá ní ọdún mẹ́ta yẹn kò lè gba ọ̀nà yìí.

Ẹni tó ti padà sílé, tó jẹ́ pé nínú ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó kéré tán ọdún kan, ó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 330 tí kò sì ní ibùgbé níbẹ̀: Streamlined Foreign, Form 14653. Kò sí ìdá 5.

Ojú tí wọ́n fi ń ka Form 14654 ni ìtàn tí ẹ bá kọ síbẹ̀. "Mi ò mọ̀" lásán kì í tó. Ẹ sọ ìgbà tí wọ́n ṣí àkáùntì, ibi tí owó ti wá, ẹni tó ṣe owó-orí yín, ohun tó béèrè àti ohun tí kò béèrè, títí kan èyí tí kò gbè yín. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kò gbọdọ̀ buwọ́ lù ú rárá. Kó wá agbẹjọ́rò owó-orí. Form 14457, ìwé ìjẹ́wọ́ fúnra ẹni, ni tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ fún akáńtáǹtì nípa ọ̀rọ̀ ọ̀daràn kò ní ààbò bíi ti agbẹjọ́rò.

Olùṣírò_Houston

Fún àwọn tó fẹ́ jókòó kọ FBAR lónìí: ẹ kó orúkọ báńkì, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà NUBAN oní díjíìtì mẹ́wàá, irú àkáùntì, àti iye tó ga jù sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù. Àkáùntì tó ti sùn ṣì wà láàyè lójú òfin. Ẹni tó ní ti Diamond tẹ́lẹ̀, Access ló gbà á lọ́dún 2019. Skye di Polaris lọ́dún 2018. Ẹ wá a lọ síbẹ̀.

Ọkọ àti aya lè jọ lo FBAR kan, bí gbogbo àkáùntì ẹni tí kò kọ bá jẹ́ èyí tí wọ́n jọ ni. Form 114a ni wọ́n á buwọ́ lù, wọn kì í fi ránṣẹ́, fáìlì ló ń gbé. Bí dom bá wà lórúkọ ìyàwó nìkan, kó kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, nọ́ńbà BSA yóò wọlé. Ẹ tọ́jú rẹ̀: òun lẹ ó fi ṣàtúnṣe bí àkáùntì kan bá ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú statement fún ọdún 5. Báńkì mìíràn kì í lè fún èèyàn ní ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn láìgba owó àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ máa gbà á jáde lóṣù kìíní ọdọọdún, ní PDF.

Àjàlá_MN

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Bí Màmá bá wá papòdà, ká má rí i, tí ilé àti owó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó wà níbí?

Ladé_EA

Ogún kì í ṣe owó tó wọlé, kò sí owó-orí lórí rẹ̀ fún ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà bá ju $100,000 lọ lọ́dún kan, ilé àti owó pa pọ̀, Form 3520 di dandan. Ó ní gbèdéke kan náà pẹ̀lú Form 1040, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dá lọ, sí Ogden, Utah. Ìtanràn rẹ̀ lè gun dé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí estate surveyor kọ iye ilé náà sílẹ̀ ní ọjọ́ ikú gan-an, kì í ṣe ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Iye yẹn ni IRS yóò fi wọn èrè lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á, bí ìwé rẹ̀ bá sì ti sọnù, ẹ̀yin lẹ ó máa wá ẹ̀rí.